Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ fún àwọn ẹni wa lókè òkun: ọ̀nà mẹ́rin, àti ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ

Ní ilé wa ní Ilé-Ifẹ̀, ọjọ́ Àìkú ni fóònù máa ń dún jù. Ọmọbìnrin mi tí ó ń gbé ní England a máa pè bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a sì gbé fóònù síwájú ọmọkùnrin rẹ̀ kí ó lè kí ìyá àgbà. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méjì ààbọ̀, "omi" àti "mọ́mì" nìkan ni à ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ nǹkan, yóò nawọ́ sí i. Bí wọn kò bá tètè mọ ohun tí ó ń nawọ́ sí, yóò fi ẹkún bọnu. Olùkọ́ kan ní jẹ́lé-ó-sinmi tí ó ń lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé èdè méjì tí wọ́n ń sọ nínú ilé ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ náà jáde, pé kí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀ ná. Ọmọ mi gbà. Oṣù mẹ́fà kọjá, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń retí kò dé, "omi" tí ó ti mọ̀ ọ́n pè tẹ́lẹ̀ sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Láàrin ọdún kan náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Houston, ní Amẹ́ríkà, tí ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nítorí àwọn méjèèjì ni mo ṣe wádìí ọ̀rọ̀ yìí dé gbòǹgbò. Láti ìgbà náà, àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lókè òkun máa ń wá bá mi, láti àdúgbò wa níhìn-ín títí dé Iléṣà tí í ṣe ìlú àwọn baba mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń gbé wá: ọ̀dọ̀ ta ni kí á gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ? Ọ̀nà mẹ́rin ni mo mọ̀. Èkíní ni ìtọ́jú ìjọba ní ìlú tí wọ́n ń gbé. Èkejì ni olùtọ́jú aládàáni ní ìlú náà. Ẹ̀kẹta ni olùtọ́jú tí ó gbọ́ Yorùbá, tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ láti Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹrin ni kí wọ́n wá sílé wá gba ìtọ́jú.

Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tí mo ń wí ni àwọn ọmọ wa ń pè ní sípíìṣì tẹ́rápíìsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ju kí ó kọ́ ọmọ ní a-b-d lọ: ó ń wo bí ènìyàn ṣe ń lóye ọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń to ọ̀rọ̀ pọ̀, bí ahọ́n àti ètè ṣe ń gbé ìró jáde, bí ẹni tí ń kólòlò ṣe lè sọ̀rọ̀ láìsí ìbẹ̀rù, àti bí oúnjẹ ṣe ń gba ọ̀fun kọjá.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni èdè: èdè wo ni olùtọ́jú náà lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́, èwo ni wọn yóò sì máa túmọ̀ fún un? Mo fi ìbéèrè yìí ṣáájú owó, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ ìdajì ohun tí aláìsàn ń sọ kò lè wọn ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀. Èkejì ni owó, kì í ṣe iye rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe àpò ẹni tí yóò ti jáde àti irú físà tí ẹni náà ní. Ẹ̀kẹta ni ìfọkàntán: ṣé ó ní ìwé àṣẹ tí a lè yẹ̀ wò, yóò ti pẹ́ tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ṣé yóò sì lè bá a dé òpin? Ẹ̀kẹrin ni irú àìsàn náà. Ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́ tí ń kólòlò, àti àgbàlagbà tí omi ń pá lórí lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, ìtọ́jú wọn kò lè rí bákan náà.

Ohun méjì gbọ́dọ̀ ṣáájú yíyàn. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí wò. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa, omi tí ó bá sì dúró sẹ́yìn ìlù etí lẹ́yìn òtútù lè dín ìgbọ́ràn ọmọ kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé fura.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ èdè méjì, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣi ọmọ mi lọ́nà. Èdè méjì kì í fa àìtètè sọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní Bìrìtéènì àti ní Amẹ́ríkà kò gba òbí níyànjú láti pa èdè ilé tì. Wọ́n ń sọ fún un pé kí ó bá ọmọ sọ èdè tí ó dá òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu jù, nítorí pé inú èdè bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń gbọ́ gbólóhùn tí ó kún. Bí àìsàn ọ̀rọ̀ bá wà lóòótọ́, inú èdè méjèèjì ni yóò ti hàn. Ọmọ tí ń sọ Yorùbá já gaara pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí ó wá dákẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi, Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì gbọ́ tó, kò ṣàìsàn. Ọmọ ọdún méjì ni a ń retí pé kí ó ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 50, kí ó sì ti máa so méjì pọ̀, bí "omi tán" tàbí "dádì lọ". Àròpọ̀ èdè méjèèjì ni a ń kà. Bí ó bá mọ 30 ní Yorùbá, tí ó sì mọ 25 mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì, 55 ni ó mọ̀, kò sí sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti kọ 25 sínú ìwé rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí ó lè dà bí àìsàn lójú ẹni tí kò gbọ́ èdè wa. Yorùbá kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin nínú "ó". Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí ara padà nítorí pé àná ni nǹkan ṣẹlẹ̀. A kì í sì í fi "s" sẹ́yìn ọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, ọmọ tí ó pe ìyá rẹ̀ ní "he", tí ó ní "two dog", tàbí tí ó fi fáwẹ́ẹ̀lì há àárín "s" àti "t" nínú "street", ó lè jẹ́ pé Yorùbá rẹ̀ ni ó ń fi ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Bákan náà ni ẹ̀ka èdè. Ní Iléṣà, àwọn àgbà wa ń pe ilé ní "ulé". Bí ọmọ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀, kì í ṣe àṣìsọ. Ohùn wa ni ó sì ṣòro jù fún àjèjì láti gbọ́: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ lè dún bákan náà létí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò lè gbé ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ sí àyè wọn lè ní ìṣòro gidi tí yóò kọjá lójú rẹ̀.

Ìtọ́jú ìjọba ní ìlú tí wọ́n ń gbé

Ní Bìrìtéènì, ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, fún ẹni tí ó fi ibẹ̀ ṣe ilé lọ́nà òfin. Ẹni tí ó lọ pẹ̀lú físà iṣẹ́ tàbí ti ẹ̀kọ́ ti san owó ìlera kí ó tó gbéra. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, pọ́n-ùn 1,035 ni fún àgbàlagbà lọ́dún kan, 776 sì ni fún ọmọdé àti akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn olùtọ́jú àgbà tí ó gba físà òṣìṣẹ́ ìlera kì í san án, síbẹ̀ ẹ̀tọ́ kan náà ni wọ́n ní. Mo ń sọ èyí nítorí pé mo ti rí ìyá tí ojú ń tì láti béèrè, tí ó rò pé àánú ni wọn yóò ṣe òun. Nọ́ọ̀sì tí ó ń bójú tó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń yẹ ọmọ wò láàrin ọdún méjì sí méjì ààbọ̀, ibẹ̀ sì ni kí òbí ti sọ̀rọ̀ sókè. Ní ọ̀pọ̀ àgbègbè, òbí fúnra rẹ̀ lè kọ̀wé sí ilé ìtọ́jú náà láìgba ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ọmọ bá nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ní England, òbí lè béèrè ìwé ètò tí wọ́n ń pè ní EHCP. Ọ̀sẹ̀ 20 ni òfin fún ìjọba ìbílẹ̀ láti parí rẹ̀ láti ọjọ́ tí a béèrè, ó sì lè bá ọmọ lọ títí di ẹni ọdún 25.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà, tí wọ́n ń pè ní IDEA, ni ó gbé e ró. Kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta, ọ̀dọ̀ Early Intervention, ètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, ni òbí yóò pè. Òbí lè pè fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọjọ́ 45 ni wọ́n ní láti yẹ ọmọ wò kí wọ́n sì pe òbí jókòó lórí ètò rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kan lè ní kí òbí dá díẹ̀ sí owó ìtọ́jú fúnra rẹ̀, ní ìwọ̀n owó tí ó ń wọlé fún un. Bí ọmọ bá ti pé ọdún mẹ́ta, ọwọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó bọ́ sí, ọ̀fẹ́ sì ni. Òfin náà sọ pé èdè tí ọmọ gbọ́ nílé ni kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, àfi bí kò bá ṣeé ṣe rárá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ gbólóhùn yìí, kí wọ́n sì sọ ọ́ jáde. Fún àgbàlagbà tí ó wà lábẹ́ Medicare, adójútòfò ìlera ìjọba fún àwọn arúgbó, ìjọba ń san ìdá 80 nínú 100 lẹ́yìn owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí aláìsàn ń san. Ní Jámánì, dókítà ni yóò kọ ìwé ìtọ́jú, adójútòfò ìlera ni yóò san án. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san nǹkan kan, àgbàlagbà a máa san ìdá 10 nínú 100 àti Yúrò 10 lórí ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ọ̀nà yìí fi dára ni pé a kò ní láti ṣiyè méjì nípa ìwé àṣẹ, pé ilé ẹ̀kọ́ àti dókítà yóò gba ìròyìn rẹ̀, àti pé kò ní tán nígbà tí owó bá tán. Àléébù rẹ̀ ni ìlà tí ó gùn, pàápàá ní Bìrìtéènì níbi tí oṣù púpọ̀ lè kọjá kí wọ́n tó pe ọmọ, àti pé ìtọ́jú náà lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tún wá dúró.

Àléébù ti ògbufọ̀ ni kò tètè hàn. NHS máa ń pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gbà á, kí ẹ má sì lo ọmọ tàbí àbúrò nínú ilé dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìtọ́jú kan nígbà tí ọmọ ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́rin. Olùtọ́jú béèrè bí ó ṣe lọ sí ọgbà eré. Ọmọ náà ní, "Mi ọkọ̀ lọ àná." Ògbufọ̀, tí ó fẹ́ràn ọmọ náà tí ó sì fẹ́ kí ó yege, yí i sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán: ó ní ọmọ náà wọ ọkọ̀ lọ lánàá. Olùtọ́jú rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi àmì sí i pé ó dára. Gbogbo àṣìtò tí ó yẹ kí ó rí ni ògbufọ̀ ti tún tò. Ọmọ mi ni ó dá sí i tí wọ́n fi pa dà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá bi mí pé kí wọ́n bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọlé: bí ọmọ bá ṣe sọ ọ́ ni kí ó ṣe túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé ìkejì, kí ó má ṣe tún un ṣe.

Olùtọ́jú aládàáni ní ìlú náà

Ìyára ni ẹ̀ ń ra níhìn-ín, àti ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tí yóò ṣe é. Ọmọ mi san pọ́n-ùn 85 fún wákàtí kan, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìròyìn rẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta súnmọ́ pọ́n-ùn 1,100, ìtọ́jú tí a já ní àárín nítorí owó sì máa ń dun ọmọ àti òbí. Ní Amẹ́ríkà, ẹ béèrè lọ́wọ́ adójútòfò kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, nítorí pé àwọn kan ń sanwó fún ọ̀rọ̀ tí àìsàn gbà lọ, wọn kì í sì í san fún ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò tíì dé.

Yíyẹ ìwé àṣẹ wò rọrùn. Ní Bìrìtéènì, orúkọ olùtọ́jú gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé HCPC, ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin kò gba ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láyè láti fi oyè náà pe ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ ni ó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ wọn sì ní àmì ẹ̀yẹ CCC-SLP láti ọ̀dọ̀ ASHA, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá máa náwó sí ọ̀nà yìí, kí ó fi ra ẹ̀kọ́ fún òbí ju fún ọmọ lọ. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni olùtọ́jú ní. Ìyá àti bàbá ni wọ́n ní gbogbo ìyókù. Olùtọ́jú tí ó ní kí òbí dúró síta, kí ó wá gba ọmọ lẹ́yìn wákàtí kan, kì í ṣe ẹni tí mo lè dámọ̀ràn. Èyí tí ọmọ mi rí ní tirẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó ní kí ìyá mú ọkọ̀ ìṣeré lọ́wọ́, kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ọkọ̀", kí ó wá dákẹ́, kí ó wo ojú ọmọ, kí ó sì ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ọmọ mi sọ pé ìdákẹ́ náà ni ó ṣòro jù fún òun. Obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá rárá, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ fún ọmọ mi pé kí ó dá Yorùbá padà sínú ilé lọ́jọ́ náà gan-an, pé ohun tí òun ń kọ́ wọn kò ní èdè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, "omi" pa dà.

Olùtọ́jú tí ó gbọ́ Yorùbá, lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀nà yìí ni àwọn òbí níhìn-ín máa ń fẹ́ jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ohùn, tí ó mọ̀ pé "gb" àti "p" wa kò rí bí ti òyìnbó, tí ó lè gbọ́ "ulé" láìfajúro, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Wọ́n wà ní Nàìjíríà: Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ àti ìgbọ́ràn, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ń forúkọ àwọn olùtọ́jú ìmúpadàbọ̀sípò sílẹ̀, MRTB, sì ni ó ń fún wọn ní àṣẹ. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ ní náírà sábà máa ń dín gan-an sí ti aládàáni lọ́hùn-ún.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun mẹ́ta. Òfin ni àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ tí aláìsàn jókòó sí ni olùtọ́jú gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn láìní ìwé Texas kò lè ṣe ìtọ́jú fún ẹni tí ó wà ní Houston lábẹ́ òfin, ilé ẹ̀kọ́ àti adójútòfò kò sì ní ka ìwé rẹ̀ sí ìwé àyẹ̀wò. Aago ni èkejì. Nàìjíríà àti England sábà máa ń bára mu, tàbí kí a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Houston ti di aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́ níhìn-ín. Ẹ̀kẹta ni iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kù. Bí ohùn bá ń já, ìró bíi "s", "ṣ" àti "f" ni ó kọ́kọ́ máa ń sọnù, àwọn ìró wọ̀nyí sì wà lára èyí tí olùtọ́jú ń fẹ́ gbọ́. Kí ẹni méjèèjì lo íyápíìsì, kí olùtọ́jú ní iná tí kò gbára lé mọ̀nàmọ́ná ìjọba nìkan.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò lè jókòó wo ojú fóònù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òbí ni kí ó bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀, kí ó sì fi fídíò eré ọmọ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ṣáájú. Ẹni tí omi ń pá lórí kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yìí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè rí ọ̀nà ọ̀fun láti orí fóònù, oúnjẹ tí ó bá sì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè di òtútù àyà tí ń pani.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti níye lórí jù ni kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí fún olùtọ́jú tí ó wà lọ́hùn-ún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìyẹn. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ ta aṣọ àwìn kiri, ọmọ Òṣómàáló gidi ni, kí ó tó lọ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn àrùn náà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í ní alẹ́, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti lẹ: "Oókan, eéjì..." Ọkùnrin náà gba á lẹ́nu rẹ̀: "ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, aárùn-ún," ó kà á dé ẹẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe èyí ní ìwòsàn. Kíkà, àdúrà àti oríkì máa ń ṣẹ́kù fún ọ̀pọ̀ ẹni tí àrùn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, nítorí pé wọ́n ti di ohun tí ẹnu ń sọ láìronú. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ilẹ̀kùn kan kò tì. Olùtọ́jú kan tí ó gbọ́ Yorùbá bá ìdílé náà jókòó lórí Zoom, ó tọ́ka sí ohun tí ọkùnrin náà lè dárúkọ àti ohun tí ó lè lóye ní Yorùbá, olùtọ́jú ti Houston sì fi kọ ètò tuntun, èdè méjèèjì. Nígbà tí wọ́n na àdìrẹ síwájú rẹ̀ ní oṣù kejì, ó fọwọ́ pa á, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Aṣọ." Kò sí òfin kan ṣoṣo nípa èyí tí yóò kọ́kọ́ pa dà: èdè ìyá ni fún ẹlòmíràn, èdè tí ó ń sọ jù kí àrùn tó dé ni fún ẹlòmíràn, nígbà mìíràn méjèèjì ni. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ méjèèjì wò.

Wíwá sílé fún ìtọ́jú

Mo mọ̀ pé ọkàn àwọn òbí wà níbí. Ilé ìwòsàn ńlá wà lágbègbè wa, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti ẹ̀ka rẹ̀ ní Wesley Guild ní Iléṣà, dókítà etí, imú àti ọ̀fun lè yẹ etí ọmọ wò. UCH kò sì jìnnà ní Ìbàdàn. Ẹ pe kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gba ọjọ́ gidi lọ́wọ́ olùtọ́jú gan-an.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì ìdílé kan lè ra ọ̀pọ̀ oṣù ìtọ́jú aládàáni lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà ìsinmi sì kéré jù fún ìtọ́jú ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì pe ọmọ lórí ìlà ìjọba nígbà tí kò sí níbẹ̀, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀. Fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, dókítà rẹ̀ ni kí ó sọ bóyá ó lè wọ bàálù. Mi ò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n gbé e wálé ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, nítorí pé àwọn oṣù wọ̀nyí ni ara ń gba ìtọ́jú jù.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n wálé nítorí Yorùbá, èyí yàtọ̀. Ọmọ ọmọ mi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa ní oṣù Kẹjọ. A kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ ilé ni wọ́n ń pín ẹ̀pà fún gbogbo ènìyàn tí ó bá kọjá, tí wọ́n ń sọ pé "ẹ gbà, ẹ gbà". Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó dìde pẹ̀lú ẹ̀pà mẹ́ta nínú àtẹ́lẹwọ́, ó lọ bá bàbá àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ gbà." "Gb" náà dún kedere. Kò sí ẹni tí ó tún ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí ó yẹ kí ó yan èwo

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta: ìtọ́jú ìjọba ni kí ẹ pè lónìí, kì í ṣe ọ̀la, kódà bí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀nà mìíràn. Bí ìlà bá gùn, tí owó sì wà fún ìgbà mẹ́fà péré, ẹ fi san aládàáni tí yóò kọ́ òbí. Bí ọmọ bá ti wà ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ má jẹ́ kí àyẹ̀wò aládàáni tàbí ti Nàìjíríà rọ́pò ti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fi wọ́n kún un.

Ọmọ tí ń kólòlò láàrin ọdún méjì sí márùn-ún lè bọ́ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń bọ́. Ṣùgbọ́n bí ìkólòlò náà bá ti pé oṣù mẹ́fà, tàbí tí ọmọ ti ń fojú pamọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá há, ẹ wá olùtọ́jú tí ó mọ ìkólòlò ní pàtó, aládàáni bí ti ìjọba kò bá tètè sí. Ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà tí ń kólòlò ni mo rò pé olùtọ́jú lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá mu jù, níbi tí òfin bá ti gbà á.

Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: ti ìjọba tàbí ti adójútòfò lójúkojú, kí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá sì dara pọ̀ mọ́ wọn fún àyẹ̀wò ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí oúnjẹ tàbí omi bá ń pá a lórí, lójúkojú nìkan.

Òbí tí ó lọ bẹ ọmọ wò pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, tí àìsàn bá a níbẹ̀, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro jù. Ní England, ìtọ́jú pàjáwìrì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, ìdá 150 nínú 100 iye owó ìtọ́jú náà ni wọn yóò kọ fún un. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nìkan ni mo ti ń sọ pé kí wọ́n ronú nípa wíwálé tètè, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i pé ó lè wọ bàálù, kí ìdílé tí ó wà níhìn-ín sì ti gba ọjọ́ sílẹ̀ dè é lọ́wọ́ dókítà àti olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kí ó tó dé. Kí wọ́n ra adójútòfò ìrìnàjò fún un kí ó tó gbéra láti Èkó, kí wọ́n sì ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru dé ìlà tí ó kẹ́yìn.